Ìkíni Bàbá Mi sí Onílù Òyìnbó

Mi ò ní dárúkọ ẹgbẹ́ olórin náà. Bí mo bá dárúkọ rẹ̀, ẹ ò ní mọ̀ ọ́n, ohun tó sì ti ń bí bàbá mi nínú láti ìgbà èwe mi gan-an nìyẹn. Ẹgbẹ́ òyìnbó ni, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ lu orin tí ayé wá ń pè ní hẹ́fí mẹ́tàlì. Àwọn tó bá a bẹ̀rẹ̀ di olókìkí, wọ́n kọ́lé ńlá, wọ́n ń kọ ìtàn ayé wọn sínú ìwé. Ẹgbẹ́ tiwa ṣe àwo díẹ̀, ó tú ká, ó parí. Bí wọ́n bá ń ka àwọn tó dá orin yẹn sílẹ̀, wọ́n á ka ẹni tó ṣán oko, wọ́n á ka ẹni tó gbin ẹ̀gẹ́, títí dé orí ẹni tó kàn yà wá jẹ gààrí, wọn ò ní dárúkọ tiwa. Bàbá mi kì í gbọ́ èyí kí wọ́n má ṣí fìlà.

Àgbẹ̀ ni bàbá mi ní Ìrókò, mùsùlùmí ni wọ́n, wọn ò sì débi tí wọ́n ti ń wọ bàálù rí. Nígbà ọ̀dọ́ wọn, wọ́n wa katakata ní oko ìwádìí kan lẹ́yìn Ìbàdàn, òyìnbó kan tó ń wo àrùn ara ẹ̀gẹ́ sì ni ọ̀gá wọn. Nígbà tí òyìnbó ń padà sílé, ó pín ẹrù. Akọ̀wé gba tábìlì, kúùkù gba ìkòkò. Ọjọ́ yẹn ni bàbá mi pẹ́ dé láti oko, ohun tó ṣẹ́ kù ni wọ́n gbà: giramafóònù oníbátìrì kan àti àwo orin mẹ́ta. Orin Kérésìmesì wà nínú ọ̀kan. Nínú èkejì, ọkùnrin kan ń kọ́ èèyàn ní èdè Faransé. Ẹ̀kẹta ni ẹgbẹ́ tiwa.

Nígbà tí wọ́n gbé àwo kẹta lé ẹ̀rọ, wọ́n rò pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Ohun tó ń jáde dà bí ẹ́ńjìnnì tó ń lọ ẹ̀gẹ́ láìsí ọ́ìlì nínú rẹ̀. Wọ́n ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ wọn, mọkálíìkì kan tó ń tún ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ ṣe káàkiri Akínyẹlé, ọmọ ìjọ Aládùúrà, tí wọn kì í fi epo yí aṣọ funfun wọn bó ti wù kó rí. Mọkálíìkì tú giramafóònù palẹ̀, wọ́n fi pẹtiróòlù fọ inú rẹ̀, wọ́n tò ó padà. Ohùn kan náà ló jáde. Wọ́n tún un tú. Lẹ́ẹ̀kẹta, wọn ò tú u mọ́, wọ́n jókòó sílẹ̀ tẹ́tí sí i títí ojú àwo yẹn fi parí. Wọ́n ní, "Kò bàjẹ́. Bí wọ́n ṣe fẹ́ kó rí nìyí."

Bí àwọn méjèèjì ṣe di olólùfẹ́ ẹgbẹ́ náà nìyẹn. Ọjọ́ Jímọ̀ jẹ́ ti mọ́ṣáláṣí bàbá mi, ọjọ́ Àìkú jẹ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì mọkálíìkì, Sátidé nìkan ló ṣẹ́ kù fún ẹgbẹ́. Ìyá mi ní tiwọn sọ Sátidé di ọjọ́ ọjà Ṣáṣá. Wọ́n á kó ata àti ilá lọ ní kùtùkùtù, wọn ò sì ní padà títí yóò fi dá wọn lójú pé àwo ti parí.

Alúfáà àdúgbò wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n jókòó, wọ́n gbọ́ ojú àwo kan tán, wọ́n wá béèrè ohun tí àwọn òyìnbó náà ń sọ. Bàbá mi ní àwọn ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì débẹ̀. Alúfáà kọjú sí èmi tí mo wà ní fọ́ọ̀mù kejì nígbà náà. Mo ní wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa ọkọ̀ ojú irin. Òótọ́ ni, nínú orin kan. Orin tó tẹ̀ lé e jẹ́ nípa Èṣù ọ̀run àpáàdì, ṣùgbọ́n wọn ò béèrè ìyẹn. Alúfáà ní bó bá jẹ́ ọkọ̀ ojú irin ni, kò burú, kí wọ́n ṣáà máa pa á bí ìrun bá tó.

Onílù ni bàbá mi fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn. Wọ́n ní àwọn tó kù ń pariwo, òun nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ní ẹni tó bá ti kọ ebè rí yóò mọ̀ pé onílù yẹn kì í yára ju agbára rẹ̀ lọ, kì í sì í sinmi kó tó dé òpin poro. Mọkálíìkì kò ní ju gbólóhùn kan lọ láti sọ nípa onílù, ìyẹn náà ni pé kò sí nọ́ọ̀tì kan tó tú lára rẹ̀.

Èmi ni mo pa àwo náà. Mo fẹ́ ṣe ọmọ dáadáa ni. Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo sá a sórí àpáta lẹ́gbẹ̀ẹ́ láfún tí ìyá mi sá. Nígbà tí oòrùn fi máa wọ̀, àwo ti tẹ̀ kọdọrọ, ó ti di abọ́. Mo retí ẹgba, bàbá mi ò nà mí. Wọ́n gbé e wò lọ́wọ́ òsì, wọ́n gbé e wò lọ́wọ́ ọ̀tún, wọ́n wọlé. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń kó obì sínú rẹ̀. Wọn ò dárúkọ ọ̀rọ̀ náà sí mi rí, mo sì ń gbọ́ ọ ní gbogbo ìgbà tí àlejò bá dé tí wọ́n bá gbé obì síwájú rẹ̀.

Ọgbọ̀n ọdún ó lé kọjá. Mo di òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ní Ìyànà Ọ̀fà, níbi tí mo ti ń kọ orúkọ àwọn ọmọ tuntun sínú ìwé. Lọ́jọ́ kan tí kò sẹ́ni tó bímọ, mo tẹ orúkọ ẹgbẹ́ náà sínú fóònù mi, gbogbo orin wọn sì tò gẹẹrẹ síwájú mi. Ó yà mí lẹ́nu bí ẹni rí òkú tó ń najà. Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo gbé sípíkà kékeré kan lọ sí Ìrókò, mo tẹ̀ ẹ́ láìsọ nǹkan kan. Bàbá mi tó ń yin àgbàdo dáwọ́ dúró. Wọ́n ní kí n sáré lọ pe mọkálíìkì. Àwọn méjèèjì ti lé ní ọgọ́rin ọdún báyìí, ọ̀kan ò gbọ́ràn dáadáa ní etí òsì, èkejì ò gbọ́ ní ọ̀tún, wọ́n sì jókòó kí etí tó kù fún wọn lè dojú kọ sípíkà. Nígbà tó parí, bàbá mi ní àwọn ti dárí jì mí. Mi ò mọ̀ pé wọn ò tíì dárí jì mí tẹ́lẹ̀.

Lórí fóònù yẹn kan náà ni mo ti rí àwọn olólùfẹ́ yòókù. Wọ́n ní gúrúùpù kan tí wọ́n ti ń jà nípa ẹgbẹ́ náà lójoojúmọ́, ìjà náà kò sì yàtọ̀ sí èyí tí bàbá mi ti ń dá jà ní Ìrókò: kí ló dé tí wọn ò fi ẹ̀tọ́ wọn fún wọn? Mo ń ka ohun tí wọ́n kọ sí bàbá mi létí, mo ń túmọ̀ rẹ̀, wọ́n ń mi orí. Inú wọn dùn pé ó ku èèyàn láyé tó mọ ẹgbẹ́ náà, ó sì tún dùn wọ́n díẹ̀, torí wọ́n ti rò pé àwọn méjì péré ló ni ín.

Ní ọdún tó kọjá, ádímìnì gúrúùpù náà kọ ọ̀rọ̀ kan síbẹ̀. Ó ní onílù ẹgbẹ́ náà nìkan ló kù láyé nínú wọn. Ara rẹ̀ ò yá, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ilé ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń gbé, ó sì gbà pé kò sẹ́ni tó rántí òun mọ́. Ọjọ́ ìbí rẹ̀ ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Kí olúkúlùkù kọ ìkíni ṣókí, ọmọ rẹ̀ yóò kà á sí i létí.

Mo ka èyí fún bàbá mi. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kí ọkùnrin yẹn kú kó má mọ̀ pé àwọn wà. Mo mọ bàbá mi, wọn kì í fẹ́ nǹkan púpọ̀ láyé, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ èyí.

Wọ́n ń sọ ọ́, mo ń kọ ọ́. Wọ́n kí onílù kú àìlera. Wọ́n béèrè ara rẹ̀, wọ́n béèrè ìyàwó rẹ̀, wọ́n béèrè àwọn ọmọ, àwọn ọmọ ọmọ, àti ẹni tó ń gbé oúnjẹ fún un. Wọ́n béèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe sí òtútù ibẹ̀. Wọ́n tún béèrè ìyàwó, torí òun ni wàhálà pọ̀ lọ́rùn rẹ̀ bí ọkọ bá ń ṣàìsàn. Mọkálíìkì gba ọ̀rọ̀ ẹnu wọn, wọ́n gbàdúrà gígùn kan. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ni bàbá mi ní kí n kọ ọ́ pé àwọn gbọ́ ìlù rẹ̀, ó ṣeun. Mo túmọ̀ gbogbo rẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, mo fi ránṣẹ́.

Kò pẹ́ rárá tí ádímìnì fi lé mi jáde. Ojú ìwé wọn ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé, nítorí náà mo rí ohun tó kọ lẹ́yìn tó lé mi tán. Ó ní kí gbogbo ọmọ gúrúùpù ṣọ́ra, gbájúẹ̀ kan láti Nàìjíríà ti wọlé. Ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn: wọ́n á kọ́kọ́ béèrè ara rẹ, wọ́n á béèrè ìyàwó rẹ, wọ́n á gbàdúrà fún ọ, lẹ́yìn náà ni wọ́n á béèrè báńkì rẹ. Inú bí mi débi pé mo dìde lórí àga lọ́fíìsì, ẹni tó mú ọmọ tuntun wá forúkọ sílẹ̀ sì rò pé ọmọ òun ló ṣe nǹkan. Nígbà tí mo jókòó padà, mo rò ó. Kò purọ́. Àwọn gbájúẹ̀ wa ń kíni dáadáa. Ilé tí wọ́n ti tọ́ èmi náà ni wọ́n ti tọ́ wọn.

Mo sọ fún bàbá mi, torí wọ́n ń béèrè lójoojúmọ́ bóyá wọ́n ti kà á fún onílù. Wọn ò bínú bí mo ṣe rò. Wọ́n kàn béèrè lẹ́ẹ̀mejì pé, "Olè?" Mọkálíìkì dá a lábàá pé kí a gé ìkíni kúrò, kí a sọ̀rọ̀ ìlù nìkan, torí òyìnbó ò ní àsìkò.

Bàbá mi wo ọ̀rẹ́ wọn bíi pé wọn ò rí i rí. Wọ́n ní, "Ọkùnrin tí ara rẹ̀ ò yá, kí n já wọlé tọ̀ ọ́, kí n máa sọ̀rọ̀ ìlù? Ta ló tọ́ mi?"

Èmi ni mo wá ní kí a ṣe fídíò. Mo ní olè kì í fi ojú rẹ̀ hàn. Ní Sátidé kan lẹ́yìn ìrun àsárì, bàbá mi wọ dàńṣíkí tí wọ́n fi ń lọ sí Yídì, mọkálíìkì wọ funfun, wọ́n jókòó síwájú ilé. Bàbá mi kí onílù fún ìṣẹ́jú mẹ́fà. Mo di fóònù mú, ọwọ́ ń ro mí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n lu ìlù rẹ̀ fún un.

Ibì kan wà nínú orin kẹta ní ojú kejì àwo, tí n kò tíì rí ẹnikẹ́ni dárúkọ rẹ̀ nínú gúrúùpù náà. Ó yẹ kí onílù lu ìlù níbẹ̀, kò lù ú. Bóyá ọ̀pá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni, a ò mọ̀. Àyè ṣófo níbẹ̀ ní ìwọ̀n ìgbà téèyàn fi lè ṣẹ́jú, lẹ́yìn náà ó wọlé padà bíi pé kò sí nǹkan kan. Àwọn bàbá méjì yìí mọ ibẹ̀ ju ẹnu ọ̀nà ilé wọn lọ. Bàbá mi fi ọ̀pá méjì lu kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, mọkálíìkì fi sípánà lu bọ́nẹ́ẹ̀tì àlòkù kan, wọ́n sì lù ú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí wọ́n dé ibi tó ṣófo yẹn, àwọn méjèèjì gbé ọwọ́ sókè, wọ́n dúró, wọ́n wọlé padà lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí olè tó lè mọ ìyẹn.

Nígbà tí mo padà dé Ìyànà Ọ̀fà, mo gé ìkíni kúrò. Mo sọ fún ara mi pé kò sí òyìnbó tó máa fi ìṣẹ́jú mẹ́fà wo bàbá àgbàlagbà kan tó ń sọ èdè tí kò gbọ́. Mo sọ fún ara mi pé nítorí bàbá mi ni mo ṣe ń ṣe é. Ìlù nìkan ni mo fi ránṣẹ́, pẹ̀lú gbólóhùn kan pé àwọn tí ẹ pè ní gbájúẹ̀ rèé, láti orí orúkọ mìíràn.

Ádímìnì tọrọ àforíjì. Ó ní ojú ń ti òun, ó gbé fídíò náà sójú gbogbo wọn, wọ́n sì rọ́ lọ gbé àwo wọn jáde láti lọ wá ibi tó ṣófo yẹn. Lẹ́yìn ọjọ́ ìbí, ọmọ onílù fúnra rẹ̀ kọ̀wé sí mi. Ó ní bàbá òun wo àwọn ọkùnrin méjì náà, nígbà tí wọ́n gbé ọwọ́ sókè ó bú sẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Bàbá náà ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti gba ohùn orin yẹn sílẹ̀ ni òun ti ń retí ẹni tó máa mú òun níbi àṣìṣe yẹn, ẹnikẹ́ni ò mú òun.

Mo gbé ìròyìn yìí lọ sí Ìrókò bí ẹni gbé ẹrù ìyàwó. Mọkálíìkì dìde, wọ́n tún jókòó. Bàbá mi rẹ́rìn-ín músẹ́ fún ìgbà pípẹ́, mo sì rò pé iṣẹ́ mi ti parí láyé yìí. Wọ́n wá ní, "Ìyàwó wọn ńkọ́?"

Mo ní ìyàwó ta ni.

"Mo béèrè ìyàwó wọn. Kí ni wọ́n ní?"

Mo lè purọ́. Mo ti la ẹnu láti sọ pé ìyàwó wà, ó ní kí n kí wọn. Ṣùgbọ́n ojú bàbá mi wà lára mi, wọ́n ń retí ìròyìn ìyàwó ẹni ẹlẹ́ni láti òkè òkun. Mo jẹ́wọ́ pé mo gé e. Bàbá mi dìde. Wọ́n mú ọkọ́, wọ́n forí lé oko ní àsìkò tí gbogbo èèyàn ń ti oko bọ̀. Mọkálíìkì ló bá mi sọ̀rọ̀, láìgbé ohùn sókè. Wọ́n ní mo mú bàbá mi wọ ilé onílé, mi ò jẹ́ kí wọ́n kágò. Ojú tì mí ju ọjọ́ tí mo pa àwo lọ, torí lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún mi ò mọ ohun tí oòrùn ń ṣe.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni bàbá mi fi ń dá mi lóhùn lórí fóònù pé "Mo wà", tí wọ́n á sì gbé e fún ìyá mi. Mo fi ìṣẹ́jú mẹ́fà náà ránṣẹ́ sí ọmọ onílù, mo kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sí abẹ́, ìlà sí ìlà. Mo ṣàlàyé fún un pé èyí ló yẹ kó kọ́kọ́ dé, pé èmi ni mo jẹ̀bi. Ọjọ́ mẹ́ta kọjá kó tó fèsì.

Ó ní ìyá òun ti kú lọ́dún méjì sẹ́yìn. Ó ní nínú gbogbo ìkíni tí òun kà fún bàbá òun lọ́jọ́ ìbí, wọ́n béèrè irú ọ̀pá ìlù tó lò, wọ́n béèrè ohun tó dá ìjà sílẹ̀ láàárín bàbá òun àti akọrin, kò sẹ́ni tó béèrè ìyá òun. Bí òun ṣe ń ka ìtumọ̀ mi lọ, tí òun dé ibi tí wọ́n ti béèrè ìyàwó, bàbá òun ní kí òun dúró ná. Ó kọjú sí fóònù náà bíi pé bàbá mi jókòó sínú rẹ̀, ó sì dá wọn lóhùn. Ó ní, "Ó ti kú. Mo ṣì ń bu ife tíì méjì láàárọ̀." Ó ní kí wọ́n bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn tó béèrè.

Mi ò lè dúró de Sátidé. Mo tọrọ ààyè níbi iṣẹ́, mo wọ mọ́tò lọ sí Ìrókò. Bàbá mi ń bẹ́ ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn ilé, wọn ò gbójú sókè. Mo dúró níbẹ̀, mo kà á fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí mo dé ibi tíì méjì, ọ̀bẹ dúró.

Wọ́n béèrè bóyá wọ́n sin ìyàwó náà dáadáa. Mo ní mi ò mọ̀. Wọ́n fọ ọwọ́, wọ́n wọlé lọ wọ aṣọ, wọ́n jáde wá jókòó, wọ́n ní kí n tẹ fóònù, kí n tún ṣe fídíò. Wọ́n kí onílù kú ara fẹ́ra kù. Wọ́n ní Ọlọ́run á tẹ́ ìyàwó sí afẹ́fẹ́ rere, wọ́n ní Ọlọ́run á jẹ́ kí ilé má tóbi jù fún un. Wọ́n béèrè irú èèyàn tí ìyàwó náà jẹ́, bó ṣe ń rẹ́rìn-ín, oúnjẹ tó mọ̀ ọ́n sè jù, wọ́n sì ń dúró díẹ̀ lẹ́yìn ìbéèrè kọ̀ọ̀kan kí onílù lè dáhùn. Wọn ò dárúkọ ìlù. Ó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ dáadáa.

Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n wo ojú mi fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ méjì.

"Má gé e."

Mo ní mi ò ní gé e.